Ìdíje Gọ́ọ̀fù: Kí Ni Yóò Mú Àwọn Ògbóǹtarìgì Padà Wá sí Ilẹ̀ Wa?

Ní ọdún 1978, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tí ń jẹ́ Sandy Lyle, ẹni tí ń gbá gọ́ọ̀fù fún ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, gúnlẹ̀ sí Èkó láti bá wọn kópa nínú ìdíje Nigerian Open ní pápá Ikoyi Club. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 20 lọ. Òun ni ó gba ife náà, ìyẹn sì ni ìdíje àkọ́kọ́ tí ó borí láti ìgbà tí ó ti fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ní 1985, ọkùnrin yìí kan náà gba The Open ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1988, ó gba Masters ní Amẹ́ríkà. Ní 1981, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Peter Tupling, gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ìgbà 255 péré láti fi parí ihò 72 ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni iye yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àrà ọ̀tọ̀ nínú eré náà. (Ẹ jẹ́ kí a rán ẹni tí kò mọ eré yìí létí pé ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ó kéré jùlọ ni ó ń borí.) Ní 1988 ẹ̀wẹ̀, Vijay Singh, ọmọ erékùṣù Fiji, tí ó ti lọ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní gọ́ọ̀fù nínú igbó Borneo nígbà tí ayé le koko mọ́ ọn, wá sí Nàìjíríà, ó sì gba ìdíje wa. Nígbà tí ó di 2004, òun ni ẹni kìíní ní gbogbo àgbáyé.

A kò sọ ìtàn wọ̀nyí láti fi yangàn. A sọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń wo gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí rò pé eré tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú àwọn ẹlòmíràn nìkan ni. Àwọn tí wọ́n ń pe orúkọ wọn bí ẹni ń ki oríkì ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wa, wọ́n ti làágùn lórí ilẹ̀ wa, wọ́n sì ti gba owó wa lọ sílé. Èwo wá ni ó dé tí wọn kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́?

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn ènìyàn ni pé owó kò sí. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ṣáájú. Ohun tí ó ṣáájú ni kàlẹ́ńdà. Ní àkókò tí a ń wí yìí, ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù kì í bẹ̀rẹ̀ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún. Láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹta, ẹni tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní ìlú òyìnbó kò rí ibi tí yóò ti jẹ. Àlàfo yìí ni ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà tí a ń pè ní Safari Circuit bọ́ sí. Àwọn agbágọ́ọ̀fù yóò ti Nàìjíríà dé Ivory Coast, wọn yóò dé Kẹ́ńyà àti Zambia, wọn yóò sì fi oòrùn wa na apá wọn tí òtútù ti mú gan. Ní ọdún 1978 kan náà tí Lyle borí ní Èkó, Seve Ballesteros ará Sípéènì ni ó borí ní Nairobi. Ọdún tí ó tẹ̀lé e gan-an ni ó gba The Open fún ìgbà àkọ́kọ́. A rí i báyìí pé ọ̀dọ́ tí ń wá ojú ọ̀nà ni wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Àlejò tí ebi ń pa kì í yan oúnjẹ.

Ní 1988, àwọn ará Dubai ṣí pápá kan nínú aṣálẹ̀, wọ́n sì pè é ní Majlis. Omi òkun tí a yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Ní 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Dubai Desert Classic níbẹ̀, ìdíje Yúróòpù sì gbà á wọlé. Àlàfo òtútù tí ó jẹ́ tiwa di ti Dubai láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni Qatar àti Abu Dhabi wọlé pẹ̀lú tiwọn. Ta ni yóò wá fi ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ olówó iyebíye gbé e láti pápákọ̀ òfuurufú sílẹ̀, tí yóò wá máa jà fún ìjókòó nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí ibòmíràn?

Nísinsìnyí ni a lè wá sọ̀rọ̀ owó. Ní 1985, náírà kan lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986 ni ìjọba gbé ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1989, ó ti ju náírà 7 lọ kí a tó lè ra dọ́là kan. Ní 2024, ìgbà kan wà tí ó kọjá náírà 1,500. Kí olùfúnni ní ẹ̀bùn tó wà ní Nàìjíríà máa fi orí rẹ̀ ru owó ìdíje àgbáyé lórí irú òṣùwọ̀n báyìí, ó dà bí ẹni tí ń fi agbọ̀n pọnmi. Àfikún rẹ̀ ni pé rògbòdìyàn òṣèlú 1993 àti bí àjọ Commonwealth ṣe lé wa sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ ní 1995 mú kí orúkọ wa máa ba àwọn àlejò lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà náà ní ìṣòro tirẹ̀, owó tirẹ̀ náà sì ti ń dínkù. Kí ló dé tí Kenya Open, tí ó ti wà láti 1967, kò kú? Ó dúró lórí ìtẹ́ kékeré, ìyẹn Challenge Tour, fún ọdún tí ó lé ní 25, láti 1991 títí dé 2018, kò sì sí ẹni tí ń pariwo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e sókè sí ìdíje àgbà Yúróòpù ní 2019. Ìjọba Kẹ́ńyà ni ó ń ná lára owó rẹ̀, nítorí wọ́n kà á mọ́ ètò ìrìn-àjò afẹ́. Àní wọ́n so orúkọ àpolówó ìlú wọn mọ́ orúkọ ìdíje náà. Àwọn pápá Muthaiga àti Karen sì wà níbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, wọn kò jẹ́ kí koríko wọn kú. Ní Mòrókò, Ọba Hassan Kejì, tí ó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù dé góńgó, ni ó mú Robert Trent Jones, ọ̀gá ayàpápá ará Amẹ́ríkà, wá sí Rabat kí ó bá òun ṣe pápá Dar Es Salam, ìdíje tí ó ń jẹ́ orúkọ ọba sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Houphouët-Boigny náà ṣe tirẹ̀ sí Yamoussoukro, ìlú bàbá rẹ̀. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu, nítorí ta ni nínú àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ tí kì í fẹ́ kí ohun tó dára jùlọ tí òun bá kọ́ wà ní ìlú òun? Àwọn ọlọ́rọ̀ wa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀: Olóyè Michael Ade-Ojo ni ó ṣe pápá Smokin Hills sí Ìlárá-Mọ̀kín, Olóyè Tunde Ponnle sì ṣe pápá MicCom sí Àdá.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilẹ̀ Australia, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti dá wọn lágara ju bí ó ti dá wa lọ, wọ́n sì ti ná owó sí i ju wa lọ. Ilẹ̀ wọn jìnnà sí gbogbo ayé. Ẹni tí yóò bá lọ láti Amẹ́ríkà yóò fò fún nǹkan bí wákàtí 15, àárẹ̀ ọ̀nà yóò sì bá a sùn fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fún àwọn gbajúgbajà ní ohun tí a lè pè ní owó ìyọjú: owó tí a san fún ènìyàn kí ó ṣáà ti wá, bí ó borí, bí kò borí. Ní 2009, wọ́n san owó tí ìròyìn sọ pé ó tó mílíọ̀nù 3 dọ́là fún Tiger Woods kí ó wá sí Australian Masters ní pápá Kingston Heath ní Melbourne. Ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria ni ó san ìdajì rẹ̀. Àwọn òǹwòran ya wọlé bí omi, Woods borí, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e: ọdún 2015 ni wọ́n gbá Australian Masters kẹ́yìn. Kò tó ọdún 7 lẹ́yìn tí Woods gba mílíọ̀nù 3 tí ìdíje náà fi wọlẹ̀. Ìràwọ̀ kan kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí oko fún gbogbo ọdún.

Kí ni kò tíì wọlẹ̀ ní Melbourne? Àwọn pápá wọn ni. Ìlà-oòrùn gúúsù ìlú náà ní ilẹ̀ iyanrìn kan tí omi kì í dúró lórí rẹ̀. Ní 1926, Alister MacKenzie, dókítà tí ó fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ tí ó di ayàpápá, dé ibẹ̀, ó sì ya àwòrán pápá Royal Melbourne fún wọn. Òun náà ni ó bá Bobby Jones ṣe pápá Augusta ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Àpá MacKenzie kò parẹ́ lára Royal Melbourne láti ọjọ́ náà wá. Ìfagagbága Presidents Cup, láàrin Amẹ́ríkà àti ìyókù ayé yàtọ̀ sí Yúróòpù, ti lọ síbẹ̀ ní 1998, ní 2011 àti ní 2019. Nígbà tí Rory McIlroy, tí ó gba Masters ní 2025, lọ sí Australian Open ní oṣù kejìlá ọdún náà, Royal Melbourne ni wọ́n ti gbá a. Agbágọ́ọ̀fù tó mọṣẹ́ a máa fẹ́ gba ilẹ̀ tí ó dára bí oníṣọ̀nà ṣe ń fẹ́ gbẹ́ igi ìrókò. Èrò ti wa ni pé owó ìyọjú lè mú ẹni kan wá lẹ́ẹ̀kan. Pápá rere ni ó lè mú kí ẹni náà, àti àwọn tí wọn kò fún ní kọ́bọ̀, máa béèrè ọjọ́ tí ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń gbé ní Warri nìyí. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kaduna, Jos àti Port Harcourt, ẹ ní sùúrù fún wa díẹ̀. Ó dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ náà yóò dé ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú.

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe koríko ni ó yí ihò ká lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà. Iyanrìn tí a pò mọ́ epo ni, tí a fi nǹkan tẹ́ kí ó lè dán. Àwọn òyìnbó a máa pè é ní «browns», nítorí àwọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń yí lórí rẹ̀ dáadáa, kò sì ná ènìyàn ní omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ koríko tí a gé kúrú bí irun orí ọmọ ogun, kò ní fẹ́ padà sórí iyanrìn elépo. Ó yani lẹ́nu pé Dubai tí òjò kì í sí níbẹ̀ ń gbin koríko, nígbà tí àwa tí òjò wa ní Warri ń lé ní mílímítà 2,500 lọ́dún ń tẹ́ iyanrìn. Òjò náà sì ni ìṣòro kejì. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀, ó súnmọ́ ẹrẹ̀, omi kì í tètè fà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pápá rere níbí kò gbọdọ̀ ronú nípa bíbomirin nìkan; ilé-iṣẹ́ tí yóò gbẹ́ ojú àgbàrá sábẹ́ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè.

Warri ní pápá gọ́ọ̀fù. Ilé-iṣẹ́ Shell ṣe é fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Ogunu, nígbà tí àwọn òyìnbó epo kún ìlú yìí. Nígbà ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin 1997 sí 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ epo kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn kúrò, iṣẹ́ púpọ̀ sì lọ sí Port Harcourt. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí ọjà Igbudu àti sí àwọn oníṣòwò wa ní gbogbo ìlú: ẹni tí ń ta aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka, ẹni tí ń gba ilé òṣìṣẹ́ epo ń wá ayálégbé. Gọ́ọ̀fù kò lè dá àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn padà, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé pápá tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo máa ń bá ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ti Kẹ́ńyà kò lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n ni pápá, ìjọba sì ni ó wà lẹ́yìn ìdíje.

Ìpínlẹ̀ Delta kò ṣàì mọ bí a ti ń gba àlejò eré ìdárayá. Ní 2006, Warri ni wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà, tí Nàìjíríà fi 1 sí 0 borí Ghana ní àṣekágbá. Ní oṣù kẹjọ 2018, eré sísá gbogbo Áfíríkà wá sí pápá Stephen Keshi ní Asaba. Ní 2022, àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà tún wá síbẹ̀. Pápá Ibori tún wà ní Asaba fún gọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ayé sọ nípa ti 2018: àwọn eléré láti ìlú òkèèrè há sí pápákọ̀ òfuurufú Èkó, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Asaba. Nínú bọ́ọ̀lù àti eré sísá, ìjọba orílẹ̀-èdè ni ó ń rán eléré, ó pọn dandan kí ó wá. Agbágọ́ọ̀fù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ra ìwé ọkọ̀ rẹ̀, òun ni ó ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bí ó bá sì kùnà ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tó há ní Èkó lẹ́ẹ̀kan kò ní padà, yóò sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pápákọ̀ Osubi tí ó yẹ kí ó gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ tààrà sí Warri sì ti ní ìgbà tí wọ́n tì í pa.

Àwọn kan yóò sọ pé eré olówó ni, kí ni ó kan alágbàṣe àti aláàárù? A kò jiyàn pé olówó ni ó pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà: ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bíi kádì, tí ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé ọ̀gá, tí ń fi ojú kọ́ bí a ti ń gbá a, tí wọ́n fi igi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn ṣe ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọ̀gá ti lọ sílé. Ọ̀dọ́bìnrin Georgia Oboh, ọmọ Nàìjíríà, ti gbá gọ́ọ̀fù dé ìdíje àwọn obìnrin Yúróòpù. Lójú tiwa, ibí gan-an ni owó ìjọba kọ́kọ́ yẹ kí ó lọ. Mílíọ̀nù dọ́là 3 tí ọkùnrin kan gbà fún ọjọ́ mẹ́rin ní Melbourne yóò bọ́ ìdíje àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ìlú dé ìlú fún ọdún púpọ̀. Bí àwọn ọmọ wa bá sì mọ̀ ọ́n gbá, àwọn òǹwòran yóò ní ẹni tí wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún nígbà tí àwọn àlejò bá dé. Ìdíje tí onílé kò ti lè borí kì í pẹ́ sú onílé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó le jùlọ ní Warri, a kò sì fẹ́ fẹnu kó o. Pápá oníhò 18 a máa gba ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlú yìí sì ti rí ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó ìdá kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lábàá pé kí a lọ gba ilẹ̀ titun lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Èyí tí ó wà ní Ogunu, àti èyí tí ó wà ní Asaba, ni kí a tún ṣe, kí ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti àwọn onílẹ̀ sì jọ kọ ìwé àdéhùn lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ayẹyẹ bá ti tán. Kẹ́ńyà fi ọdún tí ó lé ní 25 dúró lórí ìtẹ́ kékeré. Kò sí ìdí tí a ó fi máa kánjú ránṣẹ́ pe McIlroy lọ́la. Kí a kọ́kọ́ béèrè fún àyè lórí ìdíje kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá ojú ọ̀nà ń gbá, irú èyí tí Lyle àti Singh jẹ́ nígbà tí wọ́n wá.

Àkókò tí ó dára jùlọ fún irú rẹ̀ ní Warri ni láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà tí òjò bá dẹwọ́. Àkókò náà ni Dubai àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni wọ́n ń pè. Koríko a sì máa gbẹ nígbà ọyẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí àwọn òyìnbó, ó yẹ kí a ti mọ kànga tí omi yóò ti máa wá, iná tí yóò máa fà á jáde, àti orúkọ ẹni tí yóò máa jí ní aago 5 ìdájí láti ṣí ẹ̀rọ náà.